Àyè Ara Ẹni Láàrin Ọ̀pọ̀ Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ Láti Inú Ètò Àkókò Yorùbá

Ìfáárà

Iṣẹ́ olùkọ́ kì í parí sí ilé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá lu agogo ìjáde, ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ yóò tẹ̀lé olùkọ́ délé, ètò ẹ̀kọ́ ti ọjọ́ kejì yóò máa dúró dè é, fóònù rẹ̀ kò sì ní dákẹ́. Ti akẹ́kọ̀ọ́ NCE tí a rán lọ dán iṣẹ́ olùkọ́ wò tún le ju èyí lọ, nítorí pé olùkọ́ ni lójú àwọn ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni lójú àwọn olùbẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sọ pé àwọn yóò sinmi nígbà tí iṣẹ́ bá tán. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìsinmi tó bá ń dúró de ìgbà tí iṣẹ́ yóò tán kò ní dé láé. Àwọn baba ńlá wa mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá àyè fún ìsinmi nínú ètò àkókò wọn.

Ìyàtọ̀ Láàrin Ìsinmi àti Ọ̀lẹ

Yorùbá kórìíra ìwà ọ̀lẹ. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni bàbá àrùn. Èyí ti mú kí àwọn kan máa tijú láti jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọ̀lẹ, ọ̀tọ̀ ni ìsinmi. Ọ̀lẹ ń sá fún iṣẹ́; ẹni tó ń sinmi ti ṣiṣẹ́, yóò sì tún padà sídìí rẹ̀. Ìkíni wa pàápàá fi ìyàtọ̀ yìí hàn. A ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pé 'ẹ kú iṣẹ́', a sì ń kí ẹni tó jókòó pé 'ẹ kú ìjókòó' tàbí 'ẹ kú ìsinmi'. A kò ní ìkíni kankan fún ìwà ọ̀lẹ.

Ètò Ìsinmi Láyé Àtijọ́

Ọjọ́ 4 ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá kí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ 7 tó gbilẹ̀. Nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ọjà tó ń bọ́ sí ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ yìí ni a ń pè ní ọjà ọrọọrún. Àwọn ọjọ́ náà ní òrìṣà tó ni wọ́n: Ọbàtálá, Ifá, Ògún, àti Ṣàngó tó ni ọjọ́ Jàkúta. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, olùsìn kì í lọ sóko lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà rẹ̀. Kì í ṣe pé koríko kò hù lóko lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ náà ti ní ẹni tó ni ín ni, oko kò sì lè gbà á.

Ayò tún jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Ihò 12 ni ọpọ́n ayò ní, ọmọ ayò 48 ni a sì fi ń ta á. Ẹni tó ń ta á ní láti ka ọmọ ayò inú ihò tirẹ̀, kí ó sì máa ṣọ́ ti ẹnìkejì. Ẹni tó bá ń ro ọ̀rọ̀ èpò oko nídìí ayò, kíá ni wọn yóò jẹ ọmọ ayò rẹ̀. Nítorí náà, bí ara ti ń sinmi lábẹ́ igi ni ọkàn náà ń kúrò lórí iṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, àlọ́ àti eré òṣùpá a tẹ̀lé e.

A kò gbọdọ̀ díbọ́n pé obìnrin rí àyè tó ọkùnrin. Ọjà, oúnjẹ àti ọmọ títọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Síbẹ̀, ìdí irun jẹ́ ibi kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó gbé orí fún onídìrí láti di ṣùkú tàbí ìpàkó ẹlẹ́dẹ̀ kò lè dìde láàbọ̀ lọ dáná. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ó wà nídìí irun, wọn yóò sì dúró.

Ohun mẹ́ta ló so àwọn àpẹẹrẹ yìí pọ̀: wọ́n ní àkókò, wọ́n ní ibi tí a ti ń ṣe wọ́n, àwùjọ sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. A tún rí i pé àyè ara ẹni kò túmọ̀ sí dídá wà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ ẹni.

Ewu Tó Wà Nínú Àìsinmi

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé nínú ICD-11 irú àárẹ̀ tí ń wá láti inú wàhálà iṣẹ́ tí a kò bójú tó. Àjọ náà kò pè é ní àìsàn, ṣùgbọ́n ó sọ àmì rẹ̀ mẹ́ta: kí agbára tán, kí ọkàn jìnnà sí iṣẹ́ tàbí kí ó korò sí i, àti kí iṣẹ́ má yọrí bí ó ti yẹ mọ́. Ní ti olùkọ́, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń jìyà rẹ̀. Ìbéèrè ọmọ a di ariwo létí olùkọ́ tó ti rẹ̀; àṣìṣe kékeré a sì di ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ na ọmọ. Ẹni tí kò ní sùúrù kù fún ara rẹ̀, níbo ni yóò ti rí ti ọmọ ọlọ́mọ?

Ohun Tó Yẹ Kí Olùkọ́ Ṣe

Èkíní, kí olùkọ́ kọ àkókò ìsinmi rẹ̀ sínú àtẹ iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń kọ àkókò ẹ̀kọ́. Ìrọ̀lẹ́ kan péré lọ́sẹ̀ tó, bí kò bá ti jẹ́ kí ohunkóhun gbà á.

Èkejì, kí ó pa fóònù ní àkókò náà. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ WhatsApp lè dúró di òwúrọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ó yan ohun tí yóò gba ọkàn rẹ̀ bí ayò ti ń gbà á: orin, ìwé ìtàn, ọgbà kékeré tàbí ìrìn ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ó má fi oorun san gbèsè iṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ìlera gbà pé àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7, ó kéré tán.

Ẹ̀karùn-ún, kí tọkọtaya pín iṣẹ́ ilé, kí obìnrin tó jẹ́ olùkọ́ má baà kúrò ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sí ilé ìdáná láìjókòó.

Àwa olùkọ́ àgbà náà ní ojúṣe. Bí a bá ń dá ọjọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kó wá, tàbí tí a ń pè wọ́n ní ọjọ́ ìsinmi, a ń kọ́ wọn pé àkókò wọn kò ní olówó. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa lo ti àwọn ọmọ tí wọ́n bá ń kọ́ lọ́la.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé Yorùbá àtijọ́ kò fi ìsinmi ṣe àjẹkù iṣẹ́. Wọ́n dá ọjọ́ fún un, wọ́n sì ṣọ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra láti di olùkọ́, ẹ má ṣe dúró títí iṣẹ́ yóò fi tán. Ẹ dá ọjọ́ tiyín láti ìsinsìnyí, nítorí ọmọ tó bá jókòó níwájú yín nílò olùkọ́ tí ara rẹ̀ dá.