Bí A Ṣe Pa Ìlú Mẹ́fà Rẹ́ Nínú Ìwé Ìrìn Àjò Wa

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Ìbàdàn, èmi àti ìyàwó mi jókòó ti tábìlì oúnjẹ, a sì kọ orúkọ ìlú mọ́kànlá sórí ìwé kan. Ọgbọ̀n ọjọ́ la fẹ́ fi rìn wọ́n já ní gúúsù Yúróòpù nígbà ìrúwé, láti Lisbon títí dé Venice. Ọdún mẹ́ta la ti fi ń tọ́jú owó náà. Èrò wa ni pé níwọ̀n bí owó bàálù ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kò sí ìlú kan tó yẹ kí a fò. Ìrìn àjò yẹn kò wáyé. Wọn kò fún wa ní físà.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò irú ìrìn bẹ́ẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lọ́wọ́.

Ibi tí a ti ṣìnà

Físà Schengen kan ṣoṣo ló ń ṣílẹ̀kùn Pọ́túgà, Spéìn, Ítálì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, fún ìdúró tí kò ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tó bá wù wá la ti ń béèrè rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí a óò ti pẹ́ jù lọ ni òfin sọ. Bí iye ọjọ́ bá dọ́gba, a jẹ́ pé èyí tí a óò kọ́kọ́ wọ̀ ni. Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ti tètè rí ọjọ́ ìpàdé la sáré lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni òru mẹ́ta péré la fẹ́ sùn níbẹ̀. Wọ́n dá ìwé wa padà pé ohun tí a ń bá lọ kò dá àwọn lójú.

Owó físà, tó jẹ́ yúrò 90 fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, kì í padà. Èyí tó dùn wá jù ni owó ilé ìtura mẹ́rin tí a ti san tán, nítorí pé wọ́n dín owó kù fún ẹni tó bá gbà pé òun kò ní gbà á padà.

Ọjọ́ méjì gbáko ni ìyàwó mi kò fi dá ọ̀rọ̀ náà sọ. Ní ọjọ́ kẹta, ó tẹ́ ìwé ìlú mọ́kànlá náà síwájú mi. Ó ní, "Ọkọ mi, nínú gbogbo èyí, ọjọ́ wo lẹ fẹ́ kí a jókòó?" N kò rí èsì fọ̀.

Oṣù kan kò gùn tó bí a ṣe rò

A wá ka ọjọ́ náà dáadáa. Ìlú mọ́kànlá túmọ̀ sí pé a óò ṣí kúrò níbi tí a wà nígbà mẹ́wàá. Ẹrù dídì, ọkọ̀ dídúró dè àti ilé wíwá lè gba ìdajì ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà kọ̀ọ̀kan. A pa ìlú mẹ́fà rẹ́. Ó dùn mí láti pa Venice rẹ́, ṣùgbọ́n mo pa á rẹ́.

Ó ku márùn-ún: Lisbon, òru mẹ́fà, Lagos ti Pọ́túgà, méjì, Sevilla, mẹ́sàn-án, Palermo, mẹ́fà, Róòmù, mẹ́fà. Òru 29 nìyẹn. Ítálì ló ni òru méjìlá nínú wọn, torí náà ọwọ́ Ítálì la óò ti béèrè físà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Lisbon la óò kọ́kọ́ balẹ̀ sí.

Ohun tí ìkánjú ìbá fi pamọ́

Orúkọ tí àwọn Pọtogí fún Èkó ni Lagos ń jẹ́, etíkun rẹ̀ ló sì gbajúmọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1444, ibẹ̀ ni wọ́n kó nǹkan bí 235 ènìyàn wá láti etíkun Áfíríkà, tí wọ́n pín wọn bí ẹrù ní gbangba. Ní 2009, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ fún ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n rí egungun àwọn ọmọ Áfíríkà tó lé ní 150. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ń sọ ìtàn òwò náà níbẹ̀ lónìí. Èyí kì í ṣe ibi tí a ń sáré yà láàárín bọ́ọ̀sì méjì.

Bákan náà ni Sevilla. Láti ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá ni ẹgbẹ́ ìjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ti wà níbẹ̀. Títí di òní, ó ń jáde ní Ọjọ́bọ̀ Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Ní Palermo, Benedict Mímọ́, ọmọ àwọn ẹrú Áfíríkà, tó kú ní 1589, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó ìlú náà. Àwọn ará Brazil náà ń bọlá fún un.

Àkókò àti ẹrù

Oṣù kẹrin dára fún Sevilla, torí ooru ibẹ̀ lè kọjá ìwọ̀n 40 ní oṣù keje. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ ọjọ́ Àjíǹde wò: ilé ìtura máa ń gbówó lórí níbẹ̀ ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ àti nígbà àríyá Feria tó ń tẹ̀lé e. Ọjọ́ 25 oṣù kẹrin jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ní Pọ́túgà àti Ítálì.

Bọ́ọ̀sì la óò wọ̀ láti Lagos dé Sevilla, bàálù ni yóò gbé wa dé Palermo. Láti ibẹ̀ dé Róòmù, ọkọ̀ ojú irin ni. Bó bá dé Messina, wọ́n á ti ọkọ̀ ojú irin náà, tèrò-tèrò, wọ inú ọkọ̀ ojú omi láti sọdá òkun.

Ẹ lè béèrè físà láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ó pẹ́ tán ọjọ́ 15. Ìwé adójútòfò yín gbọdọ̀ tó yúrò 30,000. Ìwé ìrìnnà yín gbọdọ̀ ní ojú ewé méjì tó ṣófo, kí ó sì ṣì níye lórí fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ óò kúrò. Ilé tí ẹ lè fagi lé láìsan ìtanràn ni kí ẹ gbà títí físà yóò fi jáde. Ẹ má sì di kílíṣí sínú àpò: wọn kì í gba ẹran wọlé lọ́wọ́ àlejò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ọjọ́ ìpàdé wa pé. A ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé wọ́n kọ̀ fún wa nígbà kan rí, a kò fi pamọ́. Ìwé tuntun náà wà lára ògiri ilé ìdáná wa. Nínú ọjọ́ Sevilla, mẹ́ta wà tí a kò kọ ohunkóhun sí. Àlejò tó bá rí i máa ń rò pé a gbàgbé ni. Ìyàwó mi á ní, "Rárá o. Ọjọ́ ìjókòó wa nìyẹn."