Ẹja inú àpótí dígí: kì í ṣe gbogbo wọn ló lè jọ gbé

Ẹ wọ yàrá ìgbàlejò òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwòsàn aládàáni tàbí ṣọ́ọ̀bù àwọn onídìrí, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá àpótí dígí tí ẹja aláràbarà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn tó gbé e síbẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Oníbàárà tó ń dúró kó kàn án kì í fi bẹ́ẹ̀ wo aago tó bá ti rí ẹja wò, ọmọ tó mú dání náà kò sì ní máa sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ padà débẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Níbòmíràn, omi ti di àwọ̀ ewé. Níbòmíràn, ẹja ràgàjì kan ṣoṣo ló kù, ó ti gbé àwọn yòókù mì. Ibòmíràn sì rèé, wọ́n ti da omi nù, fáìlì ni wọ́n ń kó sínú àpótí ọ̀hún.

Owó gidi ló ń bá irú ìyẹn lọ, nítorí kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú àpótí, ẹ̀rọ àti ẹja. Owó nìkan sì kọ́. Oníbàárà tó bá rí òkú ẹja tó léfòó nílé oúnjẹ yín kò ní sọ fún yín pé òun rí i. Kò kàn ní wá mọ́ ni.

Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ojú la fi ń ra ẹja. A rí pupa, a rí aláwọ̀ aró, a ní kí wọ́n bá wa di gbogbo ẹ̀ pọ̀. A kì í bèèrè irú omi tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan lára mu, ohun tó ń jẹ, bó ṣe máa tóbi tó, àti irú ẹja tó lè bá gbé.

Omi ló ṣáájú ẹja

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó bá jẹ kù máa ń di ammonia nínú omi. Májèlé ni, bẹ́ẹ̀ omi náà lè mọ́ gaara lójú wa. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń sọ ammonia yìí di nitrite, tí òun náà ṣì jẹ́ májèlé. Àwọn míì á tún sọ nitrite di nitrate, èyí tí ara ẹja lè gbà tí kò bá pọ̀ jù. Inú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi àti ara òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ àpótí ni àwọn kòkòrò olóore wọ̀nyí ń gbé, wọn kì í sì í débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ra àpótí láàárọ̀ Sátidé, tó bu omi sí i lọ́sàn-án, tó wá da ẹja 20 sí i nírọ̀lẹ́, kó má ṣe bínú sí ẹni tó ta ẹja fún un.

Ẹ gbé àpótí kalẹ̀, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ máa wọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì sí ẹja nínú rẹ̀. Oúnjẹ tó ń jẹrà yẹn ni àwọn kòkòrò náà máa fi pọ̀ sí i. Bí ẹ bá mọ ẹni tí ẹja rẹ̀ ń ṣe dáadáa, ẹ tọrọ fóòmù díẹ̀ nínú ẹ̀rọ tirẹ̀, ìyẹn á dín ọjọ́ kù. Nígbà tó bá wá yá, ẹja mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin ni kẹ́ ẹ máa fi kún un.

Omi ẹ̀rọ ìjọba lè ní chlorine. Ẹ pọn ọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìdérí, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan kí ẹ tó lò ó. Omi kànga dẹ̀rọ lè máà ní chlorine, ṣùgbọ́n ti ibòmíràn ní irin nínú. Èyí tó bá pọ́n bí ìpẹtà lẹ́yìn tó ti wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì di ọjọ́ kejì, ẹ má fi sí i.

Ta ló lè bá ta gbé?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò lè kábàámọ̀ guppy, platy, molly àti swordtail. Ọmọ ni gbogbo wọn ń bí, wọn kì í yé ẹyin, wọ́n sì fẹ́ràn omi líle, ìyẹn èyí tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀. Neon tetra tó ń tàn yanran wá láti agbègbè odò Amazon, omi rírọ̀ ló mọ̀. Ẹja ẹlẹ́gbẹ́ ni, kò yẹ kó dín ní mẹ́fà, torí ẹyọ kan tàbí méjì á kàn sá pamọ́ síbi igun ni. Angelfish náà wá láti Amazon, omi kan náà ló bá a mu, àmọ́ tó bá ti dàgbà, ẹnu rẹ̀ gba neon tetra. Nítorí náà, kí ẹja méjì ti odò kan wá kò tíì sọ pé kí wọ́n jọ gbé.

Betta ní tirẹ̀ wá láti ìhà Thailand. Akọ méjì nínú àpótí kan, ìjà títí ikú ni. Kódà ó lè rí ìrù gígùn guppy kó rò pé akọ ẹgbẹ́ òun ló dé. Tiger barb náà máa ń gé ìrù àti lẹbẹ àwọn ẹja tí kì í yára. Oscar tí wọ́n ń tà ní kékeré á di ẹja 30 sẹ̀ǹtímítà, ohunkóhun tó bá sì gba ẹnu rẹ̀, oúnjẹ ni. Àwọn aláwọ̀ aró àti olómi ọsàn láti adágún Malawi ń fẹ́ omi líle gan-an, wọ́n sì ń jà nítorí ààyè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá àpótí tiwọn ní.

Èyí tó ń ṣini lọ́nà jù ni goldfish, torí òun ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Omi tútù díẹ̀ ló ń fẹ́, ó ń tóbi, ìgbẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Àwọn ẹja ilẹ̀ olóoru ń fẹ́ ìwọ̀n 24 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tẹ́ ẹ bá kó méjèèjì pọ̀, ara ọ̀kan kò ní balẹ̀.

Ẹja kan tún wà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀: kribensis. Gúúsù Nàìjíríà ni ilé rẹ̀, ọdún 1901 sì ni Boulenger, onímọ̀ nípa ẹja, fún un lórúkọ nínú ìwé ìmọ̀. Àwọn tó ń sin ẹja ní Jámánì àti Amẹ́ríkà ti mọyì rẹ̀ tipẹ́. Akọ rẹ̀ á tó 10 sẹ̀ǹtímítà, abo kéré sí i, ikùn rẹ̀ sì máa ń pọ́n. Akọ kan, abo kan àti àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí wọ́n á fi ṣe ilé ti tó wọn. Ẹ má fi ẹja míì tó ń gbé ìsàlẹ̀ omi tì wọ́n, torí tí wọ́n bá yé, wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọmọ wọn.

Ọ̀rọ̀ iná

Tí iná bá lọ, ẹ̀rọ á dúró, atẹ́gùn inú omi á sì máa dín kù. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni atẹ́gùn inú rẹ̀ ń kéré sí, bẹ́ẹ̀ ẹ sì mọ ooru wa. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi, tó ń lo bátìrì, kò wọ́n tó ẹja tó máa gbà là. Iná tí ẹ̀rọ asẹ́mi kékeré ń jẹ náà kò tó nǹkan, ínfátà tó ń gbé kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù lè gbé e. Bí iná bá ń ṣe ségesège ládùúgbò yín, ẹ wo ẹja gourami: ó lè jáde wá mí lójú omi, ó sì tètè máa ń fara da irú ìṣòro yìí ju neon tetra lọ. Fún àpótí 100 lítà, gourami méjì, akọ kan àti abo kan, pẹ̀lú platy mẹ́fà, ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó bá ní ẹ̀rọ amúlétutù tún yàtọ̀. Omi lè tutù jù níbẹ̀, ẹ sì máa nílò ẹ̀rọ tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìtọ́jú kò le. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Omi àpótí náà tí ẹ bá bù jáde ni kẹ́ ẹ fi ṣan fóòmù inú ẹ̀rọ, torí omi ẹ̀rọ ìjọba lè pa àwọn kòkòrò olóore. Oúnjẹ tí ẹja lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fún wọn. Níbi iṣẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni kí ẹ yàn fún èyí. Tí akọ̀wé bá fún wọn láàárọ̀, tí ọlọ́dẹ fún wọn lọ́sàn-án, tí ọmọ oníbàárà wá ju bisikíìtì sí i, omi á bàjẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Oògùn ẹ̀fọn tí a ń fín máa ń pa ẹja kíákíá. Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, ẹ bo àpótí dáadáa kí ẹ tó fín in, kẹ́ ẹ sì ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn tó mọ́ wọlé kí ẹ tó tan ẹ̀rọ padà. Ẹ̀yin onídìrí náà, ẹ gbé àpótí jìnnà síbi tí ẹ ti ń fín nǹkan sórí irun. Ẹ má sì gbé e sójú oòrùn. Omi 100 lítà nìkan wúwo tó 100 kílò, tábìlì ojúlówó ló lè gbé e.

Bí ẹ bá ní akọ àti abo nínú guppy tàbí platy, wọ́n á pọ̀ ju àpótí lọ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ má dà wọ́n sí gọ́tà tàbí odò. Ẹ bi ẹni tó ta ẹja fún yín bóyá ó máa gbà wọ́n, kó fi oúnjẹ ẹja pààrọ̀ wọn fún yín.