Ẹyọ Sìgá Kan Lọ́wọ́ Ọmọdé: Ìlàlóye fún Àwọn Ìlú àti Abúlé Òkè-Ògùn

Ẹ̀yin ọba aládé, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin àgbà tí ń bẹ nílé àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀la ìlú wà lọ́wọ́ yín, láti Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹbẹdí títí dé Ṣakí àti Ìgbòho, àti gbogbo abà tí ó wà láàárín wọn,  àwa òṣìṣẹ́ ìlera mọ̀ pé tábà ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa, a mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti fi owó ewé rẹ̀ kọ́lé, wọ́n sì ti fi rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ni ó gbé wa dìde, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ wo ìsọ̀ kékeré tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà ilé-ìwé. Páálí sìgá kan tí a ti já ẹnu rẹ̀ wà láàárín ìgò súìtì àti bisikíìtì, láítà sì ń fì dirodiro lára okùn tí a so mọ́ òpó, kí ẹni tí ó bá ra ẹyọ kan lè tàn án lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tí baba rẹ̀ rán wá á gbà á, á tàn án níbẹ̀, á sì fà á lẹ́ẹ̀mejì kí iná má baà kú kí ó tó délé. Owó odindi páálí ju agbára ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lọ. Ìkìlọ̀ tí ìjọba pa láṣẹ pé kí ó wà lójú páálí, ẹni tí ó ra ẹyọ kan lè má fojú kàn án. Òfin ìdarí tábà tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2015 ka ẹyọ títà léèwọ̀, ó ní sìgá inú páálí kò gbọdọ̀ dín ní 20, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má ta tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18.

Nikotíìnì, èròjà inú tábà tí ń di bárakú, kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ kí ó tó ti inú èéfín dé ọpọlọ, ọpọlọ tí ó ṣì ń dàgbà a sì máa tètè di ẹrú rẹ̀ ju ti àgbà lọ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Tábà ń pa ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 7 lọ lọ́dọọdún káàkiri àgbáyé, àwọn tí kò fà á rí, tí wọ́n kàn ń mí èéfín ẹlòmíràn sínú, sì wà lára wọn. Tábà ṣíṣà tí a fi òórùn èso bò mọ́lẹ̀ kò sàn ju sìgá lọ.

Òfin Àbújá kò lè dá dúró ní ìsọ̀ abúlé bí ìlú kò bá sọ ọ́ di tirẹ̀. Ìyá tí ń ta ẹyọ, owó ọbẹ̀ ni ó ń wá, ó sì mọ̀ pé bí òun nìkan bá dáwọ́ dúró, ìsọ̀ kejì ni àwọn oníbàárà òun yóò yà sí. Nítorí náà, kí baálẹ̀ pe ìyálọ́jà, lémọ́ọ̀mù, pásítọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé, olórí àwọn ọlọ́kadà, aṣojú ọ̀dọ́ lọ́kùnrin lóbìnrin àti òṣìṣẹ́ ìlera jọ ṣáájú ọjọ́ ọjà, kí wọ́n fẹnu kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí gbogbo ìsọ̀ yóò jọ dáwọ́ ẹyọ títà dúró, kí akígbe sì kéde rẹ̀ yí ìlú ká. Kí àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ka iye ìsọ̀ tí ń ta ẹyọ sìgá láàárín ilé-ìwé àti ọjà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì tún un kà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nítorí ohun tí a kò bá kà, àríyànjiyàn ni í dà. Èyí tí ó le jù, lójú tiwa, ni ti àwa òbí: baba tí ó bá fẹ́ fa sìgá, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ rà á.

Bí ẹ bá ń bá ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, ẹ má gbára lé àìsàn tí ó di ogójì ọdún kí ó tó dé, nítorí ojú ọmọ ọdún 15 kò tó ibẹ̀. Ẹ bá a sọ ti èémí tí ń já a kulẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù, ti ẹnu tí ń rùn, àti ti owó iṣẹ́ oko tí ń bá èéfín lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin tábà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú ọmọdé lọ já ewé. Nikotíìnì máa ń gba awọ ara wọlé láti ara ewé tútù, pàápàá bí ìrì tàbí òjò bá wà lórí rẹ̀. Bí òòyì bá ń kọ́ ẹni tí ó já ewé, tí ó ń bì, tí orí sì ń fọ́ ọ, ẹ bọ́ aṣọ tútù náà lára rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbé e wá sí ilé ìlera.

Ọ̀dọ́ tí ó ti ń fa sìgá, ẹ má dójú tì í láwùjọ, kí ó má baà lọ máa fà á ní kọ̀rọ̀. Kí ó wá bá wa. Ohun tí ó bá sọ kò ní dé etí ẹlòmíràn. Bí ó bá jáwọ́ nínú sìgá, ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ni ó máa ń le jù, inú á máa bí i, oorun á máa dá lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ọ́. Bí ọkàn rẹ̀ bá fà sí i, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi kọjá: kí ó mu omi, kí ó jẹ ẹ̀pà, kí ó lọ bá ọ̀rẹ́ tí kì í mu sìgá. Bí ó bá tún ṣubú sí i, kí ó padà wá, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti fi í sílẹ̀ ni ó gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, iṣẹ́ wa sì ni láti tún bá a bẹ̀rẹ̀.