ÀGBÀTỌ́ AJÁ TÍ Ó Ń GBA ÌWÒSÀN ARÀN ỌKÀN

Àgbàtọ́ kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹnì kan bá ní ewúrẹ́ tí kò sì ní àyè láti bójú tó o, a máa fún ẹlòmíràn sìn. Nígbà tí ewúrẹ́ náà bá bímọ, olówó ẹran àti alágbàsìn yóò pín ọmọ rẹ̀. Èrè ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ajá ńkọ́, tí ajá ọ̀hún kò ní olówó mọ́, tí ó sì tún ń ṣàìsàn? Kí ni ẹni tí ó gbà á tọ́jú yóò rí pín níbẹ̀? Ìbéèrè yìí yẹ ní gbígbé yẹ̀wò, nítorí àrùn kan wà tí ó jẹ́ pé, lẹ́yìn tí dókítà bá ti lo oògùn tán, ọwọ́ alágbàtọ́ ni ẹ̀mí ajá kù sí.

Aràn ọkàn ni àrùn náà. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé e kiri. Bí ẹ̀fọn bá jẹ ajá tí aràn yìí wà lára rẹ̀, yóò fa àwọn ọmọ aràn tí ojú lásán kò lè rí mọ́ ẹ̀jẹ̀. Wọn yóò lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 nínú ẹ̀fọn náà. Bí ó bá sì jẹ ajá mìíràn, wọn yóò gba ojú ibẹ̀ wọlé. Láàárín oṣù 6 sí 7, wọn yóò ti dàgbà nínú ọkàn àti nínú àwọn iṣan tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Abo aràn lè gùn tó 30 sẹ̀ntímítà, ó sì lè lo ọdún 5 sí 7 níbẹ̀. Ikọ́, àárẹ̀, rírù àti ikùn wíwú ni àmì rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti rí aràn yìí lára ajá ní Nàìjíríà.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí àwọn ará agbo ilé mọ̀. Ajá kì í fi ìfarakanra kó àrùn yìí ran ajá tàbí ènìyàn. Kì í ṣe àrùn dìgbòlugi. Ẹ̀fọn lè gbé ọmọ aràn náà dé ara ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kì í sábà rí ibi dàgbà sí níbẹ̀. Nítorí náà, kò sí ìdí tí aládùúgbò yóò fi sọ òkò lu ajá náà tàbí kí ó ní kí wọ́n pa á.

Àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni dókítà ẹran yóò kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn èyí, ajá yóò lo doxycycline fún ọ̀sẹ̀ 4, kí ó lè pa àwọn kòkòrò kéékèèké tí aràn náà gbára lé. Bí oṣù kan bá tún kọjá, yóò gba abẹ́rẹ́ melarsomine kan; ní ọgbọ̀n ọjọ́ sí i, yóò gba méjì mìíràn ní ọjọ́ méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn. Níbi tí kò bá ti sí melarsomine, àwọn dókítà a máa lo doxycycline pẹ̀lú oògùn ìdènà lóṣooṣù, ṣùgbọ́n èyí lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbo wá ni òkú aràn ń gbà? Kì í bá ìgbẹ́ jáde bí aràn inú. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni yóò ti já sí wẹ́wẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ yóò gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, tí ara yóò sì máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Bí ajá bá sáré ní àkókò yìí, ẹ̀jẹ̀ yóò ru, àwọn wẹ́wẹ́ náà yóò dí ojú iṣan, ajá sì lè ṣubú lulẹ̀ kí ó kú. Nítorí èyí, láti ọjọ́ tí a bá ti mọ àrùn náà títí di ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, ajá kò gbọdọ̀ sáré. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí oṣù 5.

Ibi tí iṣẹ́ alágbàtọ́ ti le nìyí, nítorí ara ajá yóò ti máa yá. Yóò máa jẹun, yóò máa ju ìrù, yóò sì fẹ́ lé adìyẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ ni ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀, Ògúnlọ́lá tí wọ́n kà sí Ṣọ̀ún àkọ́kọ́ sì jẹ́ ọdẹ. Eré sísá ni iyì ajá lójú ọdẹ. Ẹni tí ó bá rí ajá tí ara rẹ̀ ń dán lórí ìso yóò sọ pé ìkà ni ó so ó mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ṣùgbọ́n fún ajá yìí, fèrè gan-an ni ó léwu. Yorùbá a máa sọ ajá ní orúkọ tí ó jẹ́ òwe, irú bí Tanímọ̀la, kí aládùúgbò lè gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n bá ń pè é. Alágbàtọ́ kò gbọdọ̀ pe orúkọ náà láti òkèèrè, nítorí pé bí ó bá pè é, ajá yóò sáré wá. Òun ni kí ó rìn lọ bá ajá.

Kí ó fi okùn kúkurú so ó sí ibòji, tàbí kí ó fi í sínú àgò tí ó láyè. Kí ó mú un jáde láti tọ̀ àti láti yàgbẹ́ nìkan. Kí ó da omi tí ó dúró sójú kan nù, kí ẹ̀fọn má baà pamọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbé e láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn, inú ọkọ̀ ni kí ó wà. Bí ó bá ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, tí ó ń mí gúlegúle, tàbí tí èrìgì rẹ̀ funfun, dókítà ni kí wọ́n wá lọ́gán.

Ewu mìíràn wà nínú oògùn tí a kò bèèrè. Ivermectin, tí ó mú kí William Campbell àti Satoshi Ōmura wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015, ni wọ́n ti pín ní àwọn abúlé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti dènà ìfọ́jú etí odò. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ lóṣooṣù a máa dènà aràn ọkàn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra èyí tí wọ́n ṣe fún màlúù kí ó fi gún ajá láìṣe àyẹ̀wò. Bí ọmọ aràn bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì kú lẹ́ẹ̀kan náà, ajá lè dákú.

Lẹ́yìn ìjì Katrina ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005, ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n kó kúrò ní New Orleans ni aràn yìí wà lára wọn. Àwọn ìdílé tí kò mọ olówó wọn rí gbà wọ́n sílé, ní ìlú tí ó jìnnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè rí níhìn-ín, ṣùgbọ́n àdéhùn gbọdọ̀ ṣáájú. Ajá ni wọ́n fi ń bọ Ògún, àwọn kan sì ń jẹ ẹran rẹ̀. Kí alágbàtọ́ mọ ẹni tí yóò gba ajá náà kí ó tó so ó mọ́lẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀.

Bí oṣù ìsinmi bá pé, kí ó máa mú un rìn díẹ̀díẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù 9 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, àyẹ̀wò yóò fi hàn bóyá aràn ti tán. Nígbà náà ni ajá lè máa sáré bí ó ti wù ú ní ilé ẹni tí ó ni ín. Alágbàtọ́ kò ní rí ọmọ pín bí ti ewúrẹ́. Okùn kúkurú náà ni yóò kù sí i lọ́wọ́, ajá mìíràn sì lè nílò rẹ̀.