Gbèsè Nigeria Airways àti Ètò Ìṣúná ti Abùjá

Bí ẹnikẹ́ni bá dúró ní ọjà Ayépé tí ó ní ìwé ìṣúná tí wọ́n ń kà ní Abùjá nípa ọkọ̀ òfuurufú kàn wá, àfàìmọ̀ kí wọn má fi í ṣe ẹlẹ́yà. Wọn yóò ní ọkọ̀ ilẹ̀ tí ó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ni ó kan àwọn, kì í ṣe èyí tí ń fò lókè. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìkẹjà kò jìnnà sí wa. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ bàálù níbẹ̀, ìbáà ṣe ẹnjiníà, ìbáà ṣe ẹni tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tàbí ẹni tí ń gbé ẹrù, ọmọ ilé ẹnìkan ni wọ́n, owó oṣù wọn sì ni a fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ní ilé.

Ní 1946 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Nígbà tí Gold Coast di Ghana ní 1957, àjọṣe náà tú ká, WAAC Nigeria sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá 1958. Ní 1961, ìjọba àpapọ̀ ti ra ìpín àwọn òyìnbó tán. Ní 1971 ni a sọ ọ́ di Nigeria Airways. Láti ìgbà tí ó ti di ti ìjọba nìkan ni ikú àti ìyè rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ àpò ìjọba.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó ní nǹkan bí 30 ọkọ̀. Nígbà tí ó kógbá wọlé ní 2003, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́kù tí ń fò láàrin ilẹ̀ wa, méjì tí ń lọ sí òkè òkun jẹ́ èyí tí a yá lò, gbèsè ọrùn rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù 528 dọ́là lọ. Ìlòkulò àti ìwà ìbàjẹ́ ni ó pa á, àti gbígba ènìyàn sí iṣẹ́ ju bí iṣẹ́ ti pọ̀ tó lọ. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà tí ń di nọ́ọ̀tì mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ó fọwọ́ sí ìwé gbèsè. Ọmọbìnrin tí ń gbé oúnjẹ fún èrò lókè kọ́ ni ó fi owó ilé-iṣẹ́ ṣòfò.

Síbẹ̀, orí àwọn wọ̀nyí ni ìyà náà já lé. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀tọ́ wọn kò sì jáde. Ọdún 15 ni wọ́n fi dúró! Ní oṣù kẹwàá 2018 ni wọ́n tó tò ní Èkó, Enugu àti Kánò, pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ tí ó ti gbó lọ́wọ́ wọn, láti gba ìdajì. Owó tí ìjọba tú sílẹ̀ fún un ju bílíọ̀nù 22 náírà lọ. Àwọn mìíràn ti kú kí ọjọ́ náà tó pé, ẹbí wọn ni ó gbé ìwé wá. Ìdajì kejì di ohun tí a tún ń retí nínú ìṣúná àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni ẹ lè là á yé àwọn ènìyàn wa bí èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ìwé Òfin 1999 ní kí Ààrẹ gbé àbá ìnáwó síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, kí owó má sì jáde láìsí òfin. Èyí dára. Ṣùgbọ́n pé a kọ owó sínú òfin kò wí pé owó ti kúrò ní àpò. Ilé-iṣẹ́ Ìṣúná ni yóò tú u sílẹ̀, nígbà tí owó epo rọ̀bì kò bá sì tó bí a ti rò, ẹni tí kò lẹ́nu ni a ń fò dá. Kọngílá lè pa iṣẹ́ tì. Òṣìṣẹ́ tí ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́ lè da iṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ wo ni arúgbó ẹni 70 ọdún yóò dà sílẹ̀?

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé ní oṣù keje 2018 kan náà, kí ìdajì yẹn tó jáde, mínísítà wa ti wà ní Farnborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fi orúkọ àti àwọ̀ Nigeria Air han aráyé. Ní oṣù kẹsàn-án wọ́n dá a dúró. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún 2023, nígbà tí ìjọba náà ku ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ Ethiopian Airlines kan tí a kun ní àwọ̀ Nigeria Air balẹ̀ sí Abùjá. Ní oṣù kẹjọ ìjọba tuntun tún dá ètò náà dúró. A kò lòdì sí ilé-iṣẹ́ tuntun o. Ṣùgbọ́n alájọ tí kò tíì kó àjọ fún àwọn tí ó dá a, tí ó wá ń pe àwọn mìíràn wá dá tuntun, ta ni yóò gbé owó lé e lọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé mọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti kọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú sí Rẹ́mọ, láàrin Ìlíṣàn àti Ìpẹru, ojú àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí ẹni tí ń ṣojú Ìjẹ̀bú-Òde, Òdógbolú àti Ìjẹ̀bú North-East ní Abùjá bá tún wá kí yín, ẹ jẹ́ kí ó jó, kí ó sì jẹun. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi í pé, nínú owó tí a kọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú àti àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú ìṣúná ọdún tí ó kọjá, èló ni ó jáde, ní oṣù wo, ọwọ́ ta ni ó sì tẹ̀ ẹ́?