Kì í ṣe etí, kì í ṣe eyín: oríkèé àgbọ̀n ni

Ẹ fi ìka síwájú etí yín méjèèjì, kí ẹ la ẹnu, kí ẹ tún pa á dé. Ohun tó ń yí lábẹ́ ìka yín yẹn ni oríkèé àgbọ̀n. Òun ló so egungun àgbọ̀n mọ́ agbárí, tìmùtìmù kékeré kan sì wà láàárín egungun méjèèjì kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Kì í kàn ṣí bí ilẹ̀kùn o, ó tún máa ń yọ̀ síwájú tí ẹ bá la ẹnu gbàgà. Bí tìmùtìmù yẹn bá sún kúrò láyè rẹ̀, ẹ lè máa gbọ́ "kọ̀, kọ̀" bí ẹ bá ń jẹun. Ìró yẹn nìkan ò lẹ́rù. Bí kò bá dùn yín, tí ẹnu sì ń ṣí dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ jàre.

Ìrora ibẹ̀ ló máa ń tan èèyàn. Á dà bí etí ríro, á dà bí eyín tó jẹrà, á dà bí ẹ̀fọ́rí, torí pé okùn ìmọ̀lára kan náà ló ń gbé ìròyìn eyín, àgbọ̀n àti ẹ̀bátí lọ sí ọpọlọ. Kẹ́mísìtì á fún yín ní oògùn etí, wọ́n á tún fi apakòkòrò lé e, bẹ́ẹ̀ kòkòrò kọ́ ló sábà máa ń fà á. Èyí tó burú jù ni kéèyàn ní kí wọ́n yọ eyín tí nǹkan kan ò ṣe. Eyín àgbà tó bá lọ ò tún hù mọ́.

Dókítà eyín ló yẹ kí ẹ lọ bá. Á fọwọ́ tẹ àwọn iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, á wọn bí ẹnu yín ṣe ń ṣí tó. Ti àgbàlagbà sábà máa ń tó mílímítà 40 sókè, bí ìka mẹ́ta tí a tò lé ara wọn. Á tún bi yín bóyá ẹ máa ń payínkeke lóju oorun. Ẹ sọ òótọ́ fún un, títí kan ṣingọ́ọ̀mù. (Tí ẹ ò bá jẹun, eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ ò yẹ kó kan ara wọn. Báwo ni tiyín ṣe wà báyìí?)

Ìtọ́jú rẹ̀ kì í sábà le: aṣọ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, àmàlà, kí pọ̀nmọ́ líle àti egungun ṣì lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní 2023, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé ìtọ́sọ́nà jáde lórí ìrora àgbọ̀n tó ti lé ní oṣù mẹ́ta. Lára ohun tí wọ́n fi síwájú ni eré ìdárayá fún àgbọ̀n, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa tọ́ yín sọ́nà. Wọ́n tako iṣẹ́ abẹ láti yọ tìmùtìmù yẹn kúrò, kódà wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gba ti ike tí wọ́n ń fi bo eyín. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rẹ́ eyín yín nítorí àgbọ̀n, ẹ bi í pé: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí ṣeé dá padà?"

Kí àgbọ̀n yẹ̀ pátápátá, kí ẹnu má lè pa dé mọ́, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2005 wo èèyàn 96 ní Nàìjíríà tó ṣẹlẹ̀ sí. Kí ló fà á jù? Yíyán! Dókítà á ti àtàǹpàkò bọ ẹnu, á tẹ eyín ẹ̀yìn sísàlẹ̀, á wá tì í padà sẹ́yìn. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ gan-an, ó wà nínú ìwé ìṣègùn àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Edwin Smith. Ẹ má dán an wò nílé o. Ẹ yára gba UCH Ìbàdàn, LUTH tàbí OAUTHC Ifẹ̀ lọ, tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín, torí bó ṣe ń pẹ́ sí i ni iṣan ń le sí i.

Bí àgbọ̀n bá ń dun èèyàn pẹ̀lú àyà tó ń fún un pinpin, tó tún ń làágùn, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín rárá. Ó lè jẹ́ ọkàn rẹ̀; pàjáwìrì ni kí ẹ gbé e lọ.