Tábìlì Onígi àti Gíláàsì ti Ilẹ̀ Denmark

Tábìlì kékeré tí à ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ àga, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ igi, tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ gíláàsì, wà lára àwọn ohun èlò ilé tí a fi dá iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé àwọn ará Scandinavia mọ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1970. Ní Denmark, ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà ti wà ṣáájú. Láti ọdún 1927 títí di 1966 ni ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà ìlú Copenhagen ń ṣe àfihàn ọdọọdún, níbi tí ayàwòrán àti káfíńtà ti ń pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Tíìkì ni púpọ̀ nínú wọn fi ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni tíìkì kì í hù ní Denmark. Láti Thailand àti Bọ́mà ni ọkọ̀ òkun ti ń kó o wá. (Irú igi yìí kan náà ni a gbìn sínú igbó ìjọba ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí à ń fi í ṣe òpó iná.)

Gíláàsì ló mú kí iṣẹ́ náà nira. Bí ojú tábìlì bá jẹ́ pákó, ó lè bo ìṣó àti àṣìṣe tó wà nísàlẹ̀. Gíláàsì kò bo nǹkan kan. Nítorí náà, káfíńtà a gbẹ́ ihò sára igi kan, a sì gbẹ́ orí èkejì kí ó wọ inú rẹ̀ ṣinṣin, láìsí ìṣó. Bí ẹsẹ̀ kan bá sì fi díẹ̀ ga ju ìyókù lọ, gíláàsì yóò máa mì.

Ẹni tó bá rí ògbólógbòó rẹ̀ ní láti wo etí igi náà. Bí ilà ara igi bá ti òkè wọ ẹ̀gbẹ́ láìjá, odindi igi ni. Bí ó bá já, abala igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí kì í ṣe ẹ̀tàn, nítorí àwọn ọ̀gá pàápàá lò ó, àmọ́ bí a bá fi pépà tó le há a jù, yóò tán pátápátá. Òróró díẹ̀ lórí aṣọ rírọ̀ ló yẹ tíìkì. Gíláàsì tó fọ́ ṣeé pààrọ̀, bí a bá ti wọn bí ti àtijọ́ ṣe nípọn tó, nítorí èyí tó bá nípọn jù kò ní wọ ojú ibi tí wọ́n gbẹ́ fún un.